Ṣíṣí ṣọ́ọ̀bù pákó ìgbì lẹ́bàá òkun Èkó: kí la ó kọ́kọ́ rà, ibo la ó gbé e sí?

#1 | ỌmọEtíkun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará òpó yìí. Àwa mẹ́ta la fẹ́ pawọ́ pọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí yóò máa ta pákó ìgbì (èyí tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun), tí yóò máa fi háyà, tí yóò sì máa tún èyí tó bá fọ́ ṣe. Tarkwa Bay, etíkun Èkó tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi dé, la ní lọ́kàn. Owó tó wà nílẹ̀ kò ju èyí tó lè ra pákó líle mẹ́wàá àti aṣọ díẹ̀ lọ. Ìbéèrè wa: ṣé pákó líle mẹ́wàá yẹn ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀? Ṣé etíkun gan-an la ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí, àbí òdìkejì omi, ní Victoria Island tàbí Lẹ́kkí? Báwo la sì ṣe lè kó ọjà yìí wọlé tí owó ọkọ̀ kò fi ní jẹ èrè tán? Iye àti ìwọ̀n gan-an la ń fẹ́, ẹ jọ̀ọ́.

#2 | Alápákó_Èkó
Ẹ má ra pákó líle mẹ́wàá. Òun ló máa ń wu ojú jù lára ògiri, òun náà ló sì ń di owó mọ́lẹ̀ jù. Èrè orí rẹ̀ kéré, ẹni tó bá sì ra ọ̀kan lè má ra òmíràn fún ọdún méjì mẹ́ta. Ohun tí oníbàárà yóò máa tìtorí rẹ̀ padà wá ni ìda tí wọ́n ń fi pa ojú pákó, okùn ẹsẹ̀ (tó so pákó mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún), fíìnì (lẹbẹ abẹ́ pákó), ìpara oòrùn, àti àtúnṣe.

Ẹ tún wo irú èèyàn tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Tarkwa lópin ọ̀sẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì gun ìgbì rí. Wọn kò ní ra pákó. Wọ́n á háyà rẹ̀ fún wákàtí kan, wọ́n á sì wá ẹni tí yóò kọ́ wọn. Nítorí náà pákó fóòmù, èyí tí ojú rẹ̀ rọ̀, ni kẹ́ ẹ fi owó yín lé. Méjìlá tó láti fi bẹ̀rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 7 méjì, ẹsẹ̀ bàtà 8 mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà 9 mẹ́rin. Ọmọdé àti ẹni tí kò tó kílò 50 ló ni ti 7. Kílò 50 sí 80, ti 8. Ẹni tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti 9. Kí pákó ẹsẹ̀ 8 má ṣe dín ní íńṣì 22 ní fífẹ̀, kó sì nípọn tó íńṣì 3.

Lítà tí wọ́n ń kọ sára pákó ló ń sọ bó ṣe máa léfòó tó. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, lítà náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí kílò ara rẹ̀, ó sì sàn kó jù ú lọ dáadáa. Bí ẹ bá gbé ẹni kílò 85 lé pákó lítà 35, kò ní lè dìde lórí rẹ̀, ọjọ́ náà ló sì máa rí i kẹ́yìn létíkun.

Pákó líle mẹ́ta sí márùn-ún ti tó, kẹ́ ẹ má sì fi owó yín rà wọ́n. Àwọn àlejò tó ń kúrò ní Èkó, àti àwọn ọmọ Tarkwa fúnra wọn, máa ń ní pákó tí wọ́n fẹ́ tà. Kí olówó rẹ̀ gbé e sí ṣọ́ọ̀bù yín, kẹ́ ẹ jọ kọ iye tó fẹ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì yọ ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́jọ́ tó bá tà.

#3 | Ìyálọ́jà_Marina
Mo fara mọ́ ohun tí Alápákó sọ pátápátá. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀, torí òun ló lè gbé gbogbo okòwò yín lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní oṣù Kínní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní ilé wọn ní Tarkwa Bay. Ní 2024, wọ́n wó àwọn ilé ìtajà etíkun Landmark ní Victoria Island nítorí ọ̀nà Èkó sí Calabar. Èyí fi hàn pé etíkun Èkó kì í ṣe ibi téèyàn ń da bíríkì sí láìrí ìwé ilẹ̀ dájú. Àdéhùn ẹnu pẹ̀lú ẹni tó ń gbowó ilẹ̀ létíkun kì í ṣe ìwé.

Mo rí àwọn tó ń tọ́ka sí Busua ní Gánà, pé etíkun ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Òótọ́ ni. Àmọ́ abúlé tí àlejò ń sùn sí fún ọjọ́ mélòó kan ni Busua. Ti Tarkwa, ọ̀pọ̀ ń lọ láàárọ̀, wọ́n sì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra ṣòkòtò òkun tàbí ìda máa ń fẹ́ rà á kó tó wọ ọkọ̀.

Ohun tí mo máa ṣe ni kí n pín in sí méjì. Yàrá kékeré kan nítòsí jẹ́tì ní Victoria Island: ibẹ̀ ni ọjà títà, pákó líle, aṣọ àti iṣẹ́ àtúnṣe wà. Létíkun, àgọ́ onípákó tí ẹ lè tú palẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, àti ìkọ́ tí pákó fóòmù 12 lè dùbúlẹ̀ lé. Kí ohun tó wà létíkun má ṣe ju ohun tí ọkọ̀ kan lè kó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìkọ́ náà gbọ́dọ̀ ní òrùlé, kì í ṣe tapólì dúdú, torí ooru tó ń kó sábẹ́ rẹ̀ burú ju oòrùn lọ fún fóòmù.

Orúkọ okòwò ní CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀), TIN (nọ́ńbà owó orí) àti àkáǹtì ilé iṣẹ́: ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀.

#4 | Kọ̀nténà40
Ìbéèrè kẹta ni tèmi. Ohun tó ń jẹ owó lórí pákó ìgbì kì í ṣe bó ṣe wúwo, àyè tó ń gbà ni. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹrù máa ń wo ìwọ̀n àti àyè, èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n á gbowó lé. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: gígùn × fífẹ̀ × gíga ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á pín in sí 6,000, ó di kílò. Àwọn tó ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé sábà máa ń pín in sí 5,000, ìyẹn sì tún gbowó jù.

Ká ní páálí tó gba pákó fóòmù ẹsẹ̀ 8 méjì jẹ́ 250 × 62 × 22. Ó di 341,000. Ẹ pín in sí 6,000, ó lé díẹ̀ ní kílò 56. Ẹrù inú rẹ̀ lè má ju kílò 15 lọ! Ó lé ní kílò 40 tẹ́ ẹ máa sanwó lé lórí afẹ́fẹ́.

Ojú omi ni kẹ́ ẹ gbà. Páálí mẹ́fà bẹ́ẹ̀, ìyẹn pákó ẹsẹ̀ 8 méjìlá (páálí ti ẹsẹ̀ 9 á gùn díẹ̀ sí i), kò ju mítà kúbíìkì 2.05 lọ, ó wọ inú kọ̀nténà àjọpín dáadáa. Ẹ béèrè fún Form M (ìwé ìkọ́jàwọlé) ní báńkì yín àti ìwé SONCAP (ẹ̀rí pé ọjà bá ìlànà Nàìjíríà mu) kí ẹrù tó gbéra, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dé. Orí 9506.29 ni pákó ìgbì wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, pẹ̀lú àwọn ohun èlò eré orí omi yòókù. Bí ejẹ́ǹtì bá kọ ọ́ sí ọkọ̀ ojú omi tàbí ike lásán, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, owó ìdúró ẹrù ní èbúté a sì máa gun lójoojúmọ́. VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tún wà lórí rẹ̀.

Ohun tó ń bàjẹ́ lọ́nà: imú pákó tó ń ṣẹ́, àti ojú fóòmù tó ń tẹ̀ wọnú nítorí ẹrù wúwo tí wọ́n gbé lé e. Ẹ ní kí wọ́n fi fóòmù nípọn di imú àti ìdí, kí fíìnì wà nínú àpò ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ẹrù kò gbọdọ̀ gorí rẹ̀.

#5 | ỌmọEtíkun
Ẹ ṣeun gan-an. A ti yí ètò padà sí fóòmù. Ìbéèrè méjì kù: irú ìda wo la ó rà? Àti pé ọ̀kan nínú wa mọ àwọn tó ń ta résìn tí wọ́n fi ń ṣe àgbá omi àti ọkọ̀ ojú omi. Ṣé a lè fi tún pákó ṣe?

#6 | Résìn_àti_Fáíbà
Ìda kọ́kọ́: omi òkun Èkó máa ń wà láàárín nǹkan bíi 25 sí 29 lórí ìwọ̀n Celsius. Èyí tí wọ́n kọ "tropical" sí lára ni kẹ́ ẹ rà, pẹ̀lú "base" tí wọ́n ń fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ má ṣe ra "cool" tàbí "cold" nítorí pé wọ́n ta á ní ọ̀pọ̀. Yóò yọ́ bí òrí lójú pákó, ẹsẹ̀ yóò sì máa yọ̀. Inú kúlà tí kò ní yìnyín ni kẹ́ ẹ tọ́jú ìda sí létíkun.

Résìn wá ló gba ọ̀rọ̀. Èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn, polyester ni. Kò sí wàhálà bí inú pákó bá jẹ́ PU (fóòmù polyurethane). Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ EPS, fóòmù funfun oníhóró irú èyí tí wọ́n ń fi di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí, styrene inú polyester yóò yọ́ ọ bí omi ṣe ń yọ́ iyọ̀. Ẹ ó tún ihò kékeré ṣe, ẹ ó sì rí kòtò. EPS, epoxy (irú résìn mìíràn) nìkan. PU gba méjèèjì. Bí ẹ kò bá mọ irú èyí tó jẹ́, ẹ kán acetone díẹ̀ sórí fóòmù tó ti hàn síta: bí ó bá yọ́, EPS ni.

Ẹ̀yin tó ń ra résìn ní ọjà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa ń wọ̀n fún yín: résìn, cobalt tó ń mú un yára, àti catalyst tó ń mú kó le, ìyẹn MEKP. Cobalt ni ẹ ó kọ́kọ́ dà sínú résìn, kẹ́ ẹ rò ó pọ̀ dáadáa, kó tó kan MEKP. Cobalt àti MEKP kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn tààrà láé, wọ́n lè bú gbàmù. Ẹ má kó ìgò wọn sórí pèpéle kan náà. MEKP tó bá ta sójú lè fọ́ ojú; kí omi tó mọ́ wà nítòsí kẹ́ ẹ tó ṣí i, bó bá ta sí yín lójú, ẹ fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú tó ní fíltà kẹ́míkà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò nígbà kòrónà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Gbígbẹ ló ṣáájú. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ ojú ọgbẹ́, kẹ́ ẹ gbé pákó dúró kí ọgbẹ́ kọjú sísàlẹ̀, lábẹ́ ibòji, fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ tẹ tíṣù mọ́ ọn. Bí tíṣù bá ṣì ń tutù, ẹ dúró. Ẹni tó bá di omi mọ́ inú ti sọ pákó di ẹrù, fóòmù náà á sì máa jẹrà lábẹ́ fáíbà tó ń dán.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ gé gbogbo fóòmù tó ti pọ́n tàbí tó rọ̀ kúrò. Ẹ fi sánpépà 80 ha ojú rẹ̀ yípo tó íńṣì 2. Ẹ po résìn pọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú microballoon títí yóò fi ki bí ọṣẹ dúdú, kẹ́ ẹ fi dí ihò náà. Kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ojú pákó, kó má ga jù ú. Nígbà tó bá le, aṣọ fáíbà áúnsì mẹ́rin, ìyẹn 4 oz, ìpele méjì: èyí tó kéré kọ́kọ́, èyí tó fi íńṣì kan tóbi ju ihò lọ tẹ̀ lé e. Ẹ fi résìn rin ín títí fáíbà kò fi ní funfun mọ́. Funfun tó bá kù, afẹ́fẹ́ ni, ibẹ̀ ni omi yóò gbà. Ẹ kun résìn kan sí i lórí, kẹ́ ẹ wá ha á: sánpépà 120, 220, 400.

Ìwọ̀n catalyst: mìlílítà 1 sí résìn mìlílítà 100. Ooru Èkó kì í gba 2. Bí ẹ bá pọ̀ ọ́ jù, yóò dì nínú ife kó tó dé ara pákó, yóò gbóná títí yóò fi rú èéfín, yóò sì sán lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ má po ju mìlílítà 100 lọ lẹ́ẹ̀kan. Epoxy kò rí bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n tó wà lára agolo ni, kò sí àfikún. Ẹni tó bá fi hardener kún un kó lè yára yóò rí i pé kò ní le rárá.

#7 | Alápákó_Èkó
Àfikún sí ti Résìn: ní oṣù Kẹfà sí Keje, nígbà tí òjò bá wà lójú ọ̀run tí afẹ́fẹ́ sì tutù, epoxy máa ń yọ ọ̀rá kan tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lójú rẹ̀. Ẹ má fi sánpépà kàn án, yóò dí sánpépà, ìpele tó bá sì gorí rẹ̀ kò ní di mú. Omi àti kànrìnkàn ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ kúrò, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó ha á.

Pákó fóòmù tó ya, ẹ má fi gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà lẹ̀ ẹ́. Ohun olóòórùn líle inú rẹ̀ ń jẹ EPS bákan náà. Epoxy díẹ̀, kẹ́ ẹ fi okùn dì í fún òru kan.

#8 | Olùwẹ̀_Òkun
Ẹ ti sọ̀rọ̀ pákó títí, ẹ kò tíì dárúkọ ẹni tó máa gùn ún. Ẹ̀mí ló ṣáájú owó níbí.

Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ háyà pákó láìjẹ́ pé ó lè lúwẹ̀ẹ́. Kì í ṣe kẹ́ ẹ bi í léèrè: kó lúwẹ̀ẹ́ mítà 50 níwájú yín, níbi tí omi ti rọ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, ẹ̀kọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ tà fún un, nínú omi tó mọ ní ìbàdí, pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni mo fara mọ́. Kí olùkọ́ ní ìwé ẹ̀rí ìdóòlà lójú omi; ISA, àjọ àgbáyé fún gígun ìgbì, pàápàá ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé olùkọ́ ìpele kìn-ín-ní. Àwọn ọ̀dọ́ Tarkwa mọ omi yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ gbà wọ́n síṣẹ́, kẹ́ ẹ sanwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ sì san owó tó tọ́.

Ẹ kọ́ gbogbo oníbàárà ní ìṣàn tó ń fa ènìyàn lọ sínú agbami. Ibi tí ìgbì kò ti fọ́ láàárín ibi méjì tí ó ti ń fọ́, tí omi ibẹ̀ ṣókùnkùn tàbí tó ń gbé yanrìn àti ìfófó lọ sínú òkun, ibẹ̀ ni. Ó sábà máa ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta, torí náà ẹ má gbé akẹ́kọ̀ọ́ súnmọ́ ògiri èbúté. Ẹni tó bá kó sínú rẹ̀, kó di pákó rẹ̀ mú, kó má bá ìṣàn náà jà, kó fi ọwọ́ wà lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú etíkun, kó tó kọjú sí ilẹ̀.

#9 | Ìyálọ́jà_Marina
Olùwẹ̀ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ ká wá dá iye. Fún háyà, ẹ mú gbogbo owó tí pákó kan ná yín títí ó fi dé etíkun, kẹ́ ẹ pín in sí 40. Ká ní ó dé sí ₦400,000, ₦10,000 ni háyà ẹ̀ẹ̀kan. Háyà ogójì, pákó ti san gbèsè ara rẹ̀ kó tó gbó.

Iye tí ẹ ó fi ra òmíràn lónìí ni kẹ́ ẹ máa fi pín in, kì í ṣe iye tí ẹ rà á nígbà yẹn. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, ẹni tó ń tà pẹ̀lú iye àtijọ́ ń jẹ owó okòwò rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ máa yẹ iye dọ́là wò ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà sì ń yí padà. Láti oṣù Karùn-ún sí Kẹsàn-án ni ìgbì ńlá ń ti gúúsù Àtìláńtíìkì wá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn ló ń náwó nígbà náà: ìda, fíìnì, okùn, àtúnṣe. Oṣù Kejìlá, ìgbì kéré, àmọ́ àwọn ọmọ wa láti Lọ́ńdọ̀n àti Amẹ́ríkà wà nílé, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀. Ọjà tí ẹ fẹ́ tà ní Kejìlá, oṣù Kẹjọ ni kẹ́ ẹ ti san owó rẹ̀. Bí ó bá dé ní oṣù Kínní, ẹ ti kùnà ọdún yẹn.

#10 | Bọ̀bọ́_Surf
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe aṣọ ló ń pa owó? Ron Jon, ṣọ́ọ̀bù pákó ìgbì ní Cocoa Beach ní Florida, Amẹ́ríkà, ilé ńlá ni, aṣọ àti ohun ìrántí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

#11 | Kọ̀nténà40
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ìdí. Cocoa Beach jẹ́ ìlú tí àlejò ń rọ́ wá, tí orúkọ ibẹ̀ sì ti di ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbé sọ́rùn. Jack O'Neill tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní San Francisco ní 1952, omi tútù ló bá níbẹ̀, aṣọ tó ń dá òtútù dúró ló sì sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ohun tí omi ibẹ̀ ń béèrè ni kálukú wọn tà. Ní Èkó, ẹ má kó aṣọ òtútù wá rárá. Aṣọ apá gígùn tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn àti ìhára fóòmù ni kẹ́ ẹ kó. Ṣẹ́ẹ̀tì 60 tí orúkọ Tarkwa wà lára rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú, tó láti fi wo ọjà: M 20, L 20, XL 12, S 8.

Ọ̀rọ̀ kan sí i: ní oṣù Kejìlá 2005, Clark Foam ní California, tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn agbẹ́pákó Amẹ́ríkà ń ra fóòmù lọ́wọ́ rẹ̀, ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ní olùtajà kan péré ni ìyà jẹ jù. Ẹ ní méjì, kódà bí ìkejì bá wọ́n díẹ̀.

#12 | ỌmọEtíkun
Ètò wa báyìí: yàrá kan nítòsí jẹ́tì, àgọ́ tó ṣeé tú létíkun, fóòmù 12 láti ojú omi, pákó líle mẹ́rin tí a bá ẹlòmíràn tà, olùkọ́ méjì láti Tarkwa, ṣẹ́ẹ̀tì 60. Okùn ẹsẹ̀ wá ńkọ́? Mélòó la ó rà fún pákó 12?

#13 | Alápákó_Èkó
Ogún: ẹsẹ̀ 7 mẹ́ta, ẹsẹ̀ 8 mẹ́wàá, ẹsẹ̀ 9 méje. Gígùn okùn kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti pákó, kó sì nípọn tó mìlímítà 7. Pákó háyà ń jẹ okùn ju fíìnì lọ. Ní gbogbo àárọ̀, ẹ fa okùn náà gùn kẹ́ ẹ wo ibi tó ti gé, ẹ yí irin ìsopọ̀ rẹ̀ wò bóyá ìpẹtà ti dì í, kẹ́ ẹ sì ṣí ibi tó ń lẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fọ yanrìn inú rẹ̀ kúrò. Èyí tó bá ti gé díẹ̀, ẹ má so ó mọ́ pákó oníbàárà kankan. Ẹ ra okùn kékeré ìdí pákó 30 sí i, àti sukúrù fíìnì 40 tí kò ń pẹtà; ìyẹn ló máa ń sọnù sínú yanrìn. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rin fún omi tí kò níyọ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá ṣí.

#14 | ỌmọEtíkun
A ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé owó pákó láti ọ̀dọ̀ olùtajà méjì la ó gbé wá síbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Kọ̀nténà40 lè bá wa yẹ ìwọ̀n páálí wò ká tó sanwó.